Ṣòkòtò Kakí Tí Ìyá Pẹ́ńtà Fọ̀

Òfin ìjọba kún pẹpẹ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò náà láti ilẹ̀ dé òkè, ṣùgbọ́n òfin tirẹ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní, kì í bi oníbàárà bóyá òun ló ṣe é. Èkejì, kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ fún ẹbí, ẹbí náà kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún un, àfi ohun tó bá bi wọ́n. "Ohun tí mi ò bá bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́." Ọdún méjìlélógún ló ti ń sọ ọ́. Ẹjọ́ ìpànìyàn àti ìdigunjalè ló ń gbà, àwọn ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà tó fẹ́ràn oorun máa ń sá fún, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ti sọ ọ́ ní Màmá Panumọ́. Ó mọ̀, kò sì dùn ún. Àìmẹnu, àìmètè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ sì ti rí kì í ṣe kékeré. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Òfin méjèèjì yẹn ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá Pẹ́ńtà wọlé tòun ti àpò ọ̀rá tó gbá mọ́ àyà. Pẹ́ńtà ni oníbàárà, ọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ń fi kíkun ilé jẹun. Wọ́n ní ó gún kọngílá tó lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́bẹ, kọngílá náà sì kú. Bí ó bá jẹ̀bi, ìdájọ́ ikú ni. Agbẹjọ́rò ti rán akọ̀wé rẹ̀, bàbá arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, pé kí ìyá náà mú ṣòkòtò kakí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ wá. Kò ní kí akọ̀wé sọ ìdí. Òfin kejì nìyẹn.

Ìyá náà tú àpò ọ̀rá, ó sì tẹ́ ṣòkòtò sórí tábìlì. Ó mọ́. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi sítáàṣì sí i, ó ti lọ̀ ọ́ débi pé ojú ìlọ̀ rẹ̀ lè gé búrẹ́dì. Agbẹjọ́rò ti ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún. Kò sí nǹkan. Ó ti ọwọ́ bọ ti òsì. Ó fa àpò náà síta, ó yí inú rẹ̀ sóde: ó funfun bí ọjọ́ tí télọ̀ rán an.

"Ẹ fọ̀ ọ́, mà," ó wí.

"Mo fọ̀ ọ́ dáadáa," ni ìyá náà wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Agbẹjọ́rò ní, "Ẹ ṣé, mà," ó ká ṣòkòtò náà, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó sì sin ìyá náà dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó padà, ó fi orí lé tábìlì.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àpò yẹn ni rìsíìtì kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n mú Pẹ́ńtà ló tó rántí rẹ̀. Ní alẹ́ tí kọngílá kú, ikọ́ ń yọ ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin lẹ́nu, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó fi ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó sì lọ ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà ní ìkángun ìlú, nítorí àwọn tó wà nítòsí ti tì. Orúkọ ọmọ wà lára rìsíìtì náà, ọwọ́ ẹni tó ta oògùn ló sì kọ ọ́. Ẹ̀rọ tẹ aago sí i: mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méje. Mẹ́gádì kọngílá ní aago mẹ́jọ géérégé lòun rí ẹ̀yìn Pẹ́ńtà tó ń sá lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wákàtí kan ni láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù oògùn, kódà fún ẹni tó ní mọ́tò. Aládùúgbò gbà pé ó mú oògùn dé, ṣùgbọ́n kò mọ aago tó dé. Ìgò oògùn ti tán, ó ti bá pàǹtí lọ. Ìwé tí kò ju ìka méjì lọ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà.

Akọ̀wé yọjú wo ṣòkòtò inú dúrọ́ọ̀. "Ọ̀gá, pẹ̀lú sítáàṣì tó wà lára nǹkan yìí, ó lè dá rìn wọ kóòtù lọ jẹ́rìí fúnra ẹ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun gan-an kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kà wọ́n sí dáadáa, èyí ló tún jẹ́ kó dunni. Ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì ti bàjẹ́, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Kámẹ́rà kì í tọ́jú àwòrán ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ. Ọmọbìnrin tó ń tajà lálẹ́ nígbà náà wo fọ́tò Pẹ́ńtà títí. "Mo fẹ́ sọ pé mo mọ̀ ọ́n, mà," ó wí, "ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń wúkọ́ lóṣù yẹn." Agbẹjọ́rò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rí ẹlẹ́rìí èké tó pọ̀ tó láti mọ iyì ẹni tí kò fẹ́ parọ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kí á má tan ara wa, ì bá dùn mọ́ ọn nínú bí ọmọ náà bá parọ́.

Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, Pẹ́ńtà jókòó ní òdìkejì tábìlì onírin. Ọ̀dà funfun ṣì há sí ìdí èékánná rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Agbẹjọ́rò sọ ọ̀rọ̀ ṣòkòtò fún un láìfi ọ̀kan pe méjì. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ojú.

"Ọ̀nà kan ló kù," agbẹjọ́rò wí. "Kí n pe màmá ẹ. Kí wọ́n sọ níwájú adájọ́ pé àwọn fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kan ìwé nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, adájọ́ á mọ̀ pé ìwé wà níbẹ̀ lóòótọ́."

"Rárá o, mà."

"Gbọ́ mi ná."

"Ẹ̀yin lẹ máa gbọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ìyá mi. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ àwọn gan-an ló fọ ẹ̀rí mi dànù, wọn ò ní rí ọ̀sẹ̀ yẹn parí. Ta ló máa wá tọ́jú ọmọ mi? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò pé aṣọ ni wọ́n fọ̀." Ó nu ojú. "Ẹ ṣèlérí fún mi."

Ó ṣèlérí. Iṣẹ́ náà ló dè é bẹ́ẹ̀: ohun tí oníbàárà bá ní kí a má ṣe, a kò gbọdọ̀ ṣe é. Nígbà tó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó gbá sítíà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sunkún.

Oṣù méjì kọjá. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, omi sì tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mẹ́gádì jẹ́rìí bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí. Àwọn mẹ́ta míì ní àwọn gbọ́ tí Pẹ́ńtà sọ fún kọngílá pé yóò rí òun. Agbẹjọ́rò kò jẹ́ kí Pẹ́ńtà bọ́ sí àpótí ẹlẹ́rìí, nítorí inú rẹ̀ tètè ń ru, agbẹjọ́rò ìjọba yóò sì fi ìbínú yẹn dì í tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí olùgbèjà parí ẹjọ́ tirẹ̀, kò ní ju aládùúgbò tí kò mọ aago lọ.

Ìyá Pẹ́ńtà ń dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù.

"Lọ́yà, ẹ ní ohun tí ẹ ò bá bi mí, kí n má sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ń retí kí ẹ bi mí." Ó di etí gèlè rẹ̀ mú. "Ẹ ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò yẹn, mo sì rí ojú yín. Ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀, èmi ni mo mú un kúrò."

Agbẹjọ́rò jókòó tì í.

"Nǹkan pupa ti ṣàn sí itan ṣòkòtò náà, ó ti gbẹ. Ìwé kékeré kan wà nínú àpò, pupa yẹn ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Èmi ò mọ̀wé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ní ọmọ mi gún èèyàn, lọ́yà wá ń béèrè ṣòkòtò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Mo ju ìwé náà sínú sítóòfù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ ṣòkòtò náà."

Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún, agbẹjọ́rò rú òfin kejì, ó sì yẹ ìlérí tó ṣe fún Pẹ́ńtà. "Oògùn ikọ́ ni, Màmá. Ìdérí ìgò ò le dáadáa. Oògùn ọmọ ẹ̀ ló dà sí i lára, òun ló sọ fún mi. Ìwé yẹn ló sọ pé kò sí níbi tí wọ́n ti pààyàn."

"Oògùn ikọ́," ìyá náà wí. Ó tún un sọ. Ó la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wò wọ́n, ó sì fi wọ́n sábẹ́ itan. "Ẹ pè mí. Bí wọ́n bá fẹ́ tì mí mọ́lé, kí wọ́n tì mí mọ́lé. Ẹ pè mí."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí kóòtù jókòó. Agbẹjọ́rò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àhámọ́ tó wà lábẹ́ kóòtù, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ń ró lórí àtẹ̀gùn. Ó sọ fún Pẹ́ńtà pé ìyá rẹ̀ ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀, pé ó fẹ́ jẹ́rìí. Ọkùnrin náà béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ sọ. Kò sí bí agbẹjọ́rò yóò ṣe fi í pa mọ́, nítorí gbogbo kóòtù yóò gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́.

Pẹ́ńtà fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Àwọn ọlọ́pàá ò bi mí," ó wí nígbà tó yá, "wọ́n sọ fún mi ni. Ẹ̀yin náà ò bi mí, mo rò pé bí iṣẹ́ yín ṣe rí nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ìyá mi wà lára yín."

Ìbéèrè náà dé orí ahọ́n agbẹjọ́rò. Ó ya ẹnu. Wọ́dà fi kọ́kọ́rọ́ kan irin gbà-gbà-gbà, ó ní adájọ́ ti ń bọ̀, ìbéèrè náà sì padà síbi tó ti wá.

"Ẹ pè wọ́n," Pẹ́ńtà wí.

Ìyá náà búra, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí pupa dé orí sítóòfù, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó dá a lójú pé òtítọ́ ló ń gbani là. Agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ọ̀dọ́kùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, mà. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ. Nígbà tí ẹ rí pupa yẹn, ọkàn yín ò lọ sí oògùn. Ọmọ yín ń kun ilé, ọkàn yín ò tiẹ̀ lọ sí ọ̀dà. Ìpànìyàn ni ọkàn yín lọ. Bí ìyá tó bí i bá gbà pé ó lè ṣe é, kí ni kóòtù mọ̀ tí ìyá ò mọ̀?"

Ó yẹ kí agbẹjọ́rò dìde ta ko ìbéèrè yẹn. Kò dìde.

"Mi ò bi í ni, sà," ìyá náà wí. "Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti kékeré, ọmọ yẹn kì í parọ́ fún mi. Bó bá jẹ ẹran inú ọbẹ̀, tí mo bá bi í, á ní òun lòun jẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ wò ó lẹ́wọ̀n. Mo bi í bóyá ó jẹun. Mo bi í bóyá ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́. Mi ò bi í ní èyí, torí ẹ̀rù ń bà mí." Ó kẹ̀yìn sí adájọ́, ó kọjú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí láàárín wọ́dà méjì. "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo pa á?"

"Rárá, màámi."

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. Kò bínú, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ rọ̀. "Ẹlẹ́rìí kì í bi olùjẹ́jọ́ ní ìbéèrè, Màmá, olùjẹ́jọ́ náà kò sì búra. Akọ̀wé, ẹ pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé." Akọ̀wé kóòtù fa ìlà gbọọrọ kan. Agbẹjọ́rò ṣí ìwé tirẹ̀, ó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, ó sì kọ ìdáhùn sí abẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, adájọ́ dá Pẹ́ńtà lẹ́bi. Ojú ewé mọ́kànlélógójì ni ìdájọ́ náà. Ní ojú ewé kẹtàlélọ́gbọ̀n, ó kọ ọ́ pé ìyá olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ gbà pé ẹ̀jẹ̀ ni, pé ìyá sì mọ ọmọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mejì ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń wá Rárá yẹn. Kò sí níbẹ̀.