Pèrègún Tí A Kì Í Jẹ Àkàrà Nídìí Rẹ̀

Àkàrà ṣì ń hó nínú epo nígbà tí Ọlálẹ́yẹ, àbúrò ọkọ Ojúọlá, wọ àgbàlá. Títì ni ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀, kò gùn ún. Ojúọlá wo táyà kẹ̀kẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ kún un dáadáa. Ó gbé agbada kúrò lórí iná.

"Ẹ jókòó, ọkọ mi."

"N kò ní jókòó, ìyàwó." Ọlálẹ́yẹ ń wo ilẹ̀. "Tíṣà ti sùn. Ní ìdájí òní. Ọkọ̀ yóò gbé wọn ti Ìkàrẹ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú."

Kò ké. Ó ń yọ àkàrà náà kúrò nínú epo, ó ń tò wọ́n sórí ewé. Bí àgbà bá kú, àkàrà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń dín. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn yìí lójú ọ̀nà yóò rò pé ìròyìn ló ṣáájú epo. Bẹ́ẹ̀, àkàrà ààlà ni. Zachariah ọkọ rẹ̀, Tíṣà fúnra rẹ̀, ló rán an, lórí ibùsùn ilé ìwòsàn: "Má jẹ́ kí wọ́n rin ààlà láìsí àkàrà o."

Kò sí ohun tó ń jẹ́ rírin ààlà ní Ọ̀kà tẹ́lẹ̀. Àlùfáà òyìnbó kan ló sọ ọ́ fún Zachariah nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ìjọ ní Ìkàrẹ́. Létí àbàtà ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí. Ìjòyè kan ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti gé koríko àbàtà, kí wọ́n sì da ẹran níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni àlùfáà ń kó tọmọdé tàgbà yí ààlà náà ká, wọ́n a sì gbá orí ọmọdé mọ́ òkúta ààlà kí ó má baà gbàgbé láé. Zachariah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ó di olùkọ́ ìjọ ní Ọ̀kà, tí Bàbá Ọdẹ́yẹmí sì yọ̀ǹda apá kan àbàtà ìdílé rẹ̀ fún ìjọ, ó mú àṣà náà lò, ṣùgbọ́n ó tún un ṣe. "Orí ọmọ Ọ̀kà kì í ṣe àgbọn," ni ó wí. "Àkàrà ni àwa yóò fi rán wọn létí." Ní ìdí pèrègún ààlà kọ̀ọ̀kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan a gba àkàrà kan.

Ọdẹ́yẹmí ti kú báyìí. Ọmọ rẹ̀, Ọ̀jẹ̀wálé, ní ìjọ ti kọjá àyè rẹ̀, pé ibi tí ó rọ̀ jù nínú àbàtà náà, ti ìdílé òun ni. Ibẹ̀ gan-an ni Ojúọlá gbin kókò àti ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn sí. Owó oṣù olùkọ́ ìjọ kì í tó ọ̀nà ọ̀fun. Àbàtà yìí ló rán Eunice, ọmọ wọn, níwèé, nígbà tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ léṣìí kò tíì sí, títí ó fi di olùkọ́ ní Ìṣùà. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ opó, kí ni opó yóò máa jẹ? Òní ni wọ́n dá fún rírìn ín. Tọ̀tún tòsì ti gbà pé ohun tí Ojúọlá bá sọ ni àwọn yóò gbà, nítorí òun ló ń gbé igbá àkàrà tẹ̀lé Zachariah lọ́dọọdún.

"Opó kì í jáde," ni Ọlálẹ́yẹ wí nígbà tí ó rí i tó ń di ẹrù.

"Òkú kò tíì délé. Ẹ má sọ fún wọn. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á tú ká."

Nígbà tí òun àti Ọlálẹ́yẹ dé àbàtà, Ezekiel, alàgbà ìjọ, tó ti Ìpè wá gbé Ọ̀kà, ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó dúró sínú ẹrọ̀fọ̀. Ọ̀jẹ̀wálé dúró lórí àpáta pẹlẹbẹ kan, ó kọ́wọ́ bọ àpò.

"Ìyá Tíṣà, ẹ káàbọ̀." Ezekiel nawọ́ sí pèrègún gíga kan tó dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán láàárín kókò. "Ààlà nìyẹn. Pèrègún kì í ṣèèṣì hù sínú ẹrọ̀fọ̀."

"Àpáta yìí ni bàbá mi fi hàn mí," ni Ọ̀jẹ̀wálé dáhùn. "Pèrègún wà nídìí rẹ̀ rí. Iná ìgbẹ́ ló jó o."

"Iná! Iná tó mọ ibi tí yóò jó." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Ezekiel. "Ó dára. Ọ̀hún yẹn ńkọ́? Ṣé bàbá rẹ kò kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má gé e?"

Ọ̀jẹ̀wálé lọ́ra. "Ó kìlọ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀."

"Ẹ gbọ́! Ta ní í ṣọ́ pèrègún tí kì í ṣe ti ààlà?"

Gbogbo ojú yí sí Ojúọlá. Gbólóhùn kan péré, oko rẹ̀ a dúró. Òun náà ti gbà pé ààlà ni, láti ìgbà tí iná ti jó ti ìdí àpáta, tí wọn kò sì pín àkàrà ní apá ibẹ̀ mọ́. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó ń wo pèrègún náà, ó sì rí Zachariah níbẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún: á yà kúrò lẹ́yìn àwọn ọmọdé, á dé ìdí rẹ̀, á ṣí fìlà, á dúró díẹ̀, á sì kọjá. Ojúọlá máa ń rò pé òógùn ló fẹ́ nù.

"Ọ̀jẹ̀wálé," ni ó pè é, "o bá wa rìn nígbà tí o wà ní kékeré. Níbo ni o ti jẹ àkàrà?"

"Lórí àpáta yìí, Màmá. Èmi àti Bọ́lá la máa ń jà sí èyí tó tóbi jù…" Ó ké ọ̀rọ̀ náà kúrú.

"O kò jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún rí?"

"Rárá, Màmá."

Bọ́lá ni àkọ́bí Ojúọlá. Ibà ló mú un lọ nígbà tí oyún Eunice wà nínú òun. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Bàbá Ọdẹ́yẹmí ló gbé e lọ, òun kò sì bèèrè. Wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú, ó yá ju kí ó nù lọ. Bọ́lá kú, ó sì nù. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn náà, Zachariah wọlé pẹ̀lú ẹrọ̀fọ̀ títí dé àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní òun ṣubú lọ́nà. Láti ọdún yẹn ni ó ti ń ṣí fìlà nídìí pèrègún náà.

"Kì í ṣe ààlà nìyẹn," ni Ojúọlá wí. "Àpáta ni ààlà."

"Ìyá Tíṣà! Oko yín ni ẹ ń fà lé wọn lọ́wọ́ yẹn o!"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Bí kì í bá ṣe ààlà, kí wá ni?"

Ojúọlá sọ igbá àkàrà kalẹ̀. Ọ̀jẹ̀wálé wo pèrègún, ó wo obìnrin náà, ó sì yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò.

"Ẹ wa kókò yín kí òjò tó dé," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹnikẹ́ni kò ní gé pèrègún yẹn." Ó tẹrí ba. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Bọ́lá."

Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀.

Ó tú àkàrà sórí àpáta, ó sì pín in kan gbogbo wọn. Ezekiel gba tirẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá wí, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà Ojúọlá wọ inú ẹrọ̀fọ̀, ó la àárín kókò tí kò ní jẹ́ tirẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìkórè yìí, títí ó fi dé ìdí pèrègún. Ó gbọ́ tí Ezekiel rọra bi Ọlálẹ́yẹ lẹ́yìn rẹ̀ pé báwo ni ara Tíṣà. Kò dúró gbọ́ èsì.

Ó tú gèlè rẹ̀. Ó dì í mú sí àyà, bí ẹni tó ṣí fìlà, ó dúró díẹ̀, ó sì kọjá.