Omi Pupa Lódò Carpinteira

Òjò ti ń rọ̀ lórí òkè láti àárọ̀ láìsinmi, ṣùgbọ́n odò Carpinteira dákẹ́.

Felismina wà nídìí fèrèsé ilé ìdáná, ó ń bó ọ̀dùnkún sínú ọbẹ̀ ewé, ó sì ń fi imú kọrin bó ti máa ń ṣe. Bó ṣe kọrin dé ibi tó yẹ kó ti mí, ohùn ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i sínú ilé yẹn, kò dá orin kọ rí. Odò ló máa ń bá a gbè é. Tọ̀sán tòru, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, odò a máa hó lábẹ́ fèrèsé bí ìkòkò tí ẹnì kan gbàgbé sórí iná. Lọ́jọ́ yìí, òjò ń rọ̀, odò ò fọhùn.

Ó yọjú wo ìsàlẹ̀. Omi tó yẹ kó ti kún dé ìdí ògiri ti tín-ín-rín bí okùn, ó ń yọ́ gba àárín òkúta lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ká dúpẹ́ pé odò ò kún. Felismina mọ̀. Odò tí òjò ń rọ̀ sí, tó sì ń fà, kò fà rárá. Ó jókòó síbì kan lókè, ó ń kó agbára jọ. Iná tó jó igbó páìnì lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá ti fi igi jíjó àti eérú sílẹ̀ káàkiri ẹ̀gbẹ́ òkè. Òjò ti gbá wọn jọ, ó ti fi wọ́n dí ọ̀nà omi. Bí ìdènà yẹn bá já, omi á sọ̀ kalẹ̀ tòun tigi tòun tòkúta, kò sì ní tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Jacinta sì wà nínú odò.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Jacinta. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì láti kọ́ nípa aṣọ híhun, nínú ilé ńlá kan náà tí Felismina ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, kí wọ́n tó kó ẹ̀rọ jáde tí wọ́n kó bẹ́ǹṣì wọlé. Láàárọ̀ ló ti sọ fún màmá rẹ̀ àgbà pé òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà máa ṣe ìrìbọmi fáwọn ọmọ tuntun ilé ìwé wọn, nísàlẹ̀ afárá, nínú adágún tí wọ́n ti ń fọ irun àgùntàn láyé ọjọ́un. Felismina fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní ṣé èyí tí àlùfáà ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ti gbẹ lórí rẹ̀ ni.

"Tòní yàtọ̀, Màmá," ni Jacinta wí. "A máa kúnlẹ̀ sínú omi, a ò gbọdọ̀ gbójú sókè, a ò sì gbọdọ̀ dìde kí wọ́n tó da omi sí wa lórí. Àwọn àgbà wa níléèwé á máa tàn wá pé ká dìde. Ẹni tó bá gbọ́ tiwọn, ó ti kùnà nìyẹn. Dókítà là ń pè wọ́n."

"Ta ni dókítà? Rúben ọmọ oníbúrẹ́dì? Ẹni tó ń tún ọdún kejì ṣe látìgbà tí bàbá ẹ ti nírun lórí?"

"Ẹ rọra o, Màmá. Òun ni ọ̀gá gbogbo wọn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú wọn. Felismina ní kó má gbàgbé súwẹ́tà rẹ̀. Ohun tó kẹ́yìn tó sọ fún un nìyẹn.

Ó gbé fóònù, ó pe Jacinta. Fóònù dún, dún, ó dákẹ́. Ó tún un pè. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé Jacinta ti sọ pé wọ́n á kó fóònù gbogbo ọmọ tuntun sínú àpò kan, wọ́n á gbé e kọ́ sórí igi. Ó pe àwọn panápaná. Ọkùnrin tó gbé e fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ìhà kejì ìlú ni ọkọ̀ àwọn wà, igi ló wó dí ọ̀nà, àwọn á wá láìpẹ́, kí ìyá fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo ló fẹ́ kó fi balẹ̀?

Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé afárá, àtẹ̀gùn ni, àtẹ̀gùn òkúta tó ń yí gba àárín ilé sọ̀ kalẹ̀, òjò sì ti mú un yọ̀. Orúnkún Felismina ò gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá gbìyànjú rẹ̀, kó tó dé àárín ọ̀nà, omi á ti kọjá rẹ̀.

Nígbà náà ló rántí aró.

Láyé ìgbà tí ilé iṣẹ́ irun àgùntàn to ẹ̀gbẹ́ odò láti òkè délẹ̀, àwọn obìnrin a máa wọ inú omi dé orúnkún láti fọ irun. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ igbe. Nítorí náà, bí àwọn tó wà lókè bá rí i pé omi fẹ́ ya wá, aláró ibẹ̀ á da aró pupa sínú odò. Aró á ṣáájú, àgbàrá á tẹ̀ lé e. Obìnrin tó bá rí pupa lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ kì í bèèrè ìdí. Á ju irun sílẹ̀, á gbé yẹ̀rì, á gun òkè.

Agolo aró pupa kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Felismina, èyí tó fi ń rẹ àkísà tó ń hun ní ẹní. Ó mú un. Ó bọ́ bàtà kí ó má baà yọ̀, ó fara ti ògiri, ó gba àtẹ̀gùn kékeré ẹ̀yìnkùlé sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi, ó sì tú gbogbo rẹ̀ dànù sínú odò. Omi pọ́n bí osùn. Ó yí òkúta ńlá ká, ó ṣẹ́ kọ́nà, Felismina ò rí i mọ́.

"Ó ti parí," ló wí. Ó gòkè padà dé etí ògiri, ó fara tì í, ó ń mí. Ó ń rò ó bí Jacinta ṣe máa wọlé dé bí adìẹ tí òjò pa, tí á máa ráhùn pé wọ́n ba ìrìbọmi òun jẹ́. Ó tilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin.

Ni ariwo bá sọ nísàlẹ̀. Ariwo ayọ̀ ni. Wọ́n hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé orin:

*Ọmọ tuntun, orí rẹ gbẹ,*
*Bọ́ sómi, bọ́ sómi!*
*Odò náà ti wọ aṣọ wa,*
*Bọ́ sómi, bọ́ sómi!*

Pupa ni àwọ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Pupa ni ribọ́nnì tí wọ́n ń so mọ́ ìwé. Nígbà tí omi pọ́n lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n rò pé àwọn àgbà wọn ló fi dárà fún wọn, àwọn àgbà náà sì rò pé ẹlòmíràn láàárín àwọn ni. Kò sẹ́ni tó jáde. Àwọn tó dúró létí omi tẹ́lẹ̀ tún ń wọ inú rẹ̀.

Ojú Felismina ṣókùnkùn. Àṣé àwọn òkú lòun ránṣẹ́ sí. Àwọn tó mọ ohun tí omi pupa ń wí ti sùn sí itẹ́ òkú, tàbí kí wọ́n wà nídìí fèrèsé bíi tirẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ta ló sọ fún àwọn ọmọ yìí rí? Òun gan-an, ǹjẹ́ ó sọ fún Jacinta rí? Ó kọ́ ọ ní orin ijó, ó kọ́ ọ ní orin àfifẹ́sọ́nà, kò kọ́ ọ ní ti ikú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so ọmọ mọ́ odò.

Ó pariwo orúkọ Jacinta. Ohùn rẹ̀ sán bí ìkòkò, òjò gbé e mì. Ó tún pè, ó tún sán. Igbe a máa kú sí ẹni lẹ́nu, àmọ́ orin lẹ́sẹ̀. Odò sì ti dákẹ́. Àfonífojì náà ṣófo bí agbè, ohun tí ẹ bá sọ sínú rẹ̀ lá máa dún lọ. Felismina gun orí ògiri, òun àti ọjọ́ orí rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó la ẹnu. Orin àwọn obìnrin tó ń fọ irun láyé ọjọ́un, tí kò kọ láti ìgbà tó ti kúrò ní wúńdíá, ló jáde:

*Omi ti pọ́n, ẹ ò rí i?*
*Ẹ jáde lódò.*
*Ẹ fi irun sílẹ̀ kó máa lọ,*
*Ẹ jáde lódò.*
*Irun àgùntàn ń bẹ lọ́jà,*
*Ẹ jáde lódò.*
*Ọmọ ìyá ò sí ní títà,*
*Ẹ jáde lódò.*

Fèrèsé ilé kejì ṣí. Zulmira yọrí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó ti ẹ̀rọ ara wọn nílé iṣẹ́.

"Felismina, wáìnì èwo lo mu lọ́sàn-án gangan? Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, mi ò lówó pósí."

Felismina nawọ́ sódò, ó ń kọrin lọ. Zulmira wo omi tín-ín-rín náà, ó wo aró tó lẹ̀ mọ́ òkúta. Odò yìí ló gbé ìyá Zulmira lọ, nígbà tó tún padà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú ìdì irun kan tó kù. Ojú rẹ̀ di eérú. Kò bèèrè nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ tó nípọn bí ti ọkùnrin gba ègbè orin náà, *ẹ jáde lódò*, ó sì dún ju ti Felismina lọ.

Fèrèsé mìíràn ṣí nísàlẹ̀ wọn. Òmíràn ṣí nísàlẹ̀ ìyẹn. Orin náà ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ohùn gbígbó, ohùn tó ti há, ohùn tí kò léyìn mọ́. Lẹ́yìn fèrèsé, ilẹ̀kùn. Àwọn arúgbó ń jáde sínú òjò tàwọn ti épírọ́ọ̀nù, tàwọn ti sálúbàtà. Zeferino tó máa ń fi káàdì ta ayò ní ilé ọtí etí afárá jáde pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, Zeferino tó jẹ́ pé ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Ọ̀pá kankan ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti orí ògiri, Felismina ń wo adágún náà, ó kéré lójú rẹ̀ bí abọ́. Omi pupa wà nínú abọ́ náà. Àwọn ọmọ tuntun kúnlẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n dorí kodò. Àwọn àgbà wọn dúró yí wọn ká nínú agbádá dúdú, wọ́n ń fi àwọn arúgbó tó ń bọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan tilẹ̀ ń jó sí orin náà.

Rúben ló kọ́kọ́ dákẹ́. Bó ti wù kó pẹ́ nílé ìwé tó, ọmọ ìlú ni. Àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ó wo iwájú àwọn arúgbó náà, kò sí ohun tí wọ́n ń lé. Felismina rí i tó yíjú sí àwọn ọmọ tuntun, tó ń ju apá sókè, tó ń juwọ́ pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n dìde.

Kò sẹ́ni tó dìde.

Wọ́n ti sọ fún wọn pé wọ́n á tàn wọ́n. Bí Rúben ṣe ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dorí kodò sí i. Ó fa ọ̀kan lápá, ìyẹn já ara rẹ̀ gbà, ó tún kúnlẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Ní òkè, nǹkan kan já. Kò dún bí omi. Ó dún bí ìgbà tí wọ́n ń da ẹ̀rù òkúta sílẹ̀, tí dídà náà ò sì tán. Ògiri gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ Felismina. Gbogbo orin kúrò lórí rẹ̀, ó ku ìlà kan ṣoṣo. *Ẹ jáde lódò. Ẹ jáde lódò.* Kò mọ̀ bóyá ó ń kọ ọ́ ni tàbí ó ń sunkún.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan gbé orí sókè.

Jacinta ni. Ó mọ ohùn yẹn. Ohùn yẹn ló máa ń jí i. Ó wòkè, ó rí màmá rẹ̀ àgbà lórí ògiri nínú òjò, láìwọ bàtà, apá rẹ̀ nà bí ti ẹni tó fẹ́ fò. Kò dúró bèèrè. Ó dìde, ó fi ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì gbá ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ẹnì kọ̀ọ̀kan mú, ó wọ́ wọn. Nígbà tí ọ̀kan dìde, gbogbo wọn dìde. Zeferino ti wọ omi dé orúnkún, ó ń ti èyí tó bá bá.

Ni omi bá kọjá lábẹ́ ògiri tí Felismina dúró lé. Igi dúdú ni, ẹrẹ̀ ni, òkúta tó tó màlúù ni. Ó gbé àtẹ̀gùn tí Felismina dúró lé da aró lọ, ó gbé okùn asáṣọ tòun taṣọ. Ìkuukùu ẹrẹ̀ bo ojú rẹ̀. Nígbà tó fi máa nu ojú, adágún ò sí mọ́, pupa ò sí mọ́, igi tí wọ́n gbé fóònù kọ́ ò sí mọ́. Kò rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kankan. Ó pe Jacinta, ṣùgbọ́n odò ti gba ohùn tirẹ̀ padà, kò jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀.

Zulmira wá, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọdé, ó dì í mú níbàdí.

"Má wo ibẹ̀ mọ́," ló wí. "Èmi náà wò ó nígbà yẹn. Má wò ó."

Wọ́n dúró sí ẹnu àtẹ̀gùn. Ìsàlẹ̀ dákẹ́, àfi odò. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ń bọ̀ lórí òkúta, ẹsẹ̀ tó ń yọ̀, tó ń ṣubú, tó ń dìde. Ẹnì kan yọ ní kọ́nà. Orí rẹ̀ pọ́n. Ojú rẹ̀ pọ́n. Pupa ń ṣàn láti irun rẹ̀ sí ọrùn, ó ń kán tótó sórí ṣẹ́ẹ̀tì.

Felismina ṣubú lu ọmọ náà, ó gbá a mú.

"Níbo ló ti ṣe ọ́ léṣe? Níbo ni?"

"Aró ni, Màmá. Aró yín ni, ó ta sí mi lórí nígbà tá à ń sá jáde. Gbogbo wa la jáde. Rúben ti ń kà wá látìgbà yẹn, ó ń kà wá, ó ń sunkún, gbogbo wa pé."

Felismina ò gbọ́. Ó ká etí épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi nu iwájú orí ọmọ, ó nu ẹ̀yìn etí, ó nu ọrùn. Pupa ń kúrò, pupa ṣì ń bẹ níbẹ̀. Zulmira ń sọ fún un pé aró ni, pé ara ọmọ dá ṣáṣá. Jacinta di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Felismina gba ọwọ́ ara rẹ̀ padà, ó tún ń nù ún lọ, láti èjìká dé ọmọ ìka, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti dun ọmọ.