Àpótí Tíṣà

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, ọmọ Tíṣà, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹfà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Nọ́ọ̀sì àgbà wọlé, ó na ìwé kan sí i.

"Wọ́n fẹ́ yọ ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ fi ogún ọdún kọ́ wa kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ọwọ́ tó yá ni nọ́ọ̀sì nílò, kì í ṣe àròjinlẹ̀. Ọ̀la ni ìpàdé. Ìwọ lo máa gbẹnu sọ fún wa."

"Èmi kẹ̀, Mà? Èmi tí n kì í lè pe orúkọ ara mi sókè?"

"Ẹkùn kì í bí ológbò. Múra."

Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí wọ́n sin Tíṣà, ìyá rẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, àpótí ìjókòó kékeré kan ló máa ń gbé ka orí tábìlì ní kíláàsì. Ó máa ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì máa dárúkọ wọn: ẹni tó ń ṣàìsàn, ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ohun tí òun alára ń pè ní àlàáfíà, iṣẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, á ní, "Ẹ gé ẹyọ kan dànù, kí ẹ jókòó, ká wò ó." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Tíṣà Àpótí. Ọmọ rẹ̀ náà di Ọmọ Àpótí, ojú a sì máa tì í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí náà wọ yàrá ìpàdé. Dókítà àgbà, tó jẹ́ alága, wò ó láti òkè dígí ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé àga ò tó níbí ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí náà kalẹ̀ níwájú wọn.

"Sà, bàbá káfíńtà kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò jẹun. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò fi nǹkan kan hàn. Ìyá mi jókòó tì í lórí àpótí yìí, kò béèrè ohunkóhun, títí bàbá fi lanu. Ògiri ló ń wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé òun tì bíi pákó tó wọ́. Ìyá mi yí bẹ́ẹ̀dì náà sójú fèrèsé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá béèrè oúnjẹ."

"Ìtàn tó dùn ni," akọ̀wé ìgbìmọ̀ dáhùn. "Ìtàn kì í ṣe ìmọ̀."

"Fáìlì sọ pé oògùn ló ṣiṣẹ́, Sà. Kò sí ojú ìwé tí nọ́ọ̀sì lè kọ tirẹ̀ sí. Ẹni tí bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ ohun tó jẹ́ ìmọ̀. Bí ẹ bá ní ká má ronú mọ́, bàbá káfíńtà yẹn lẹ pa lẹ́nu mọ́. Ta ló máa wá gbọ́ tirẹ̀?"

Dókítà àgbà bọ́ dígí rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Èmi ni mo kọ ọ́ sí fáìlì," ó ní. "Mo mọ̀ pé oògùn kọ́. Ojú ló tì mí láti kọ 'àpótí' síbẹ̀."

Wọn ò yọ ẹ̀kọ́ náà mọ́. Wọ́n tún fi ojú ìwé kan kún fáìlì, ti nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì àgbà ti ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọmọ Àpótí!"

"Èmi rèé, Mà!" Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé aláìsàn tuntun wá sí bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Bí ó ti rí aṣọ funfun, ó ti na apá sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Abẹ́rẹ́ ṣì ń bọ̀."

Ọmọ Tíṣà gbé àpótí ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì ń dúró de ọ̀rọ̀ bàbá náà.