Kọ́bọ́ọ̀dù Màmá

Lọ́jọ́ tí à ń di ẹrù Màmá ni ìyàwó bọ̀dá mi là á mọ́lẹ̀: "Màmá lè máa bọ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù eléèépá yìí ò ní wọlé mi."

Lóòótọ́, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Ṣùgbọ́n bàbá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án fún Màmá, inú rẹ̀ sì ni gbogbo aṣọ Màmá wà. Màmá kàn ń fi etí aṣọ nu ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni ń nu imú ọmọ.

Aránṣọ ni mí, n ò mọ ọ̀dà kíkùn, àmọ́ mo ní n ó tún un kùn. Akunlé àdúgbò wa ló ní kí n má wulẹ̀ bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò. "Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ. Ibi tó bá ń ṣí, ẹ fi sáńpépà ha á díẹ̀. Ó parí."

Mo kùn ún ní funfun, ọ̀dà sì ta sí mi láṣọ. Màmá jókòó tì mí, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Aránṣọ, o ti rán aṣọ ọ̀dà fún ara ẹ!" Nígbà tó gbẹ, ó pàtẹ́wọ́.

A gbé e lọ. Ìyàwó bọ̀dá mi lanu. "Háà, Àǹtí! Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí? Ẹ gbé e sí pálọ̀ níbí." Mo rò pé ká kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ níbẹ̀ ni, kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá Màmá.

Nígbà tí mo padà lọ kí Màmá, àwo ìyàwó ló kún inú kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ Màmá wà nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo pe bọ̀dá mi síta. Kò wò mí lójú. "Ó ti to àwo ẹ̀ sí i. Jọ̀ọ́, má dá ilé mi rú."

Mo ní n óò bá ìyàwó náà sọ ọ́. Màmá di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ìwọ á sọ̀rọ̀ tán, wàá lọ sílé ẹ. Èmi ni n ó kù síbí."

Ìyàwó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ọwọ́ yín mà dáa o, Àǹtí. Ṣé ẹ máa bá mi kun àwọn àga wọ̀nyẹn náà?"

Èébú ti dé orí ahọ́n mi. Mo rántí ẹni tó ń bu oúnjẹ fún ìyá mi, mo gbé e mì.

"Kò burú, ìyàwó wa. Àwọ̀ wo lo fẹ́?"