Ìrẹsì Tó Sùn Gbalaja

Gbogbo abúlé ló mú dòjé wá bá wa kórè lónìí, nítorí ẹ̀rọ ò lè gé ìrẹsì tó ti sùn gbalaja sínú ẹrẹ̀. Tiwa nìkan ló sùn. Ojú ń tì mí, mi ò lè gbórí sókè.

Ẹnu Tamotsu ọkọ mi ló kó bá a. Chizuru aládùúgbò wa ló fún wa ní irúgbìn renge, ewéko olódòdó kan tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, ìlàjì èyí tí ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Òdòdó ẹ̀ bo oko wa, a túlẹ̀ bò ó kó jẹrà, kó di oúnjẹ fún ìrẹsì. Ni ọkọ mi bá ń fọ́nnu kiri: "Èmi ò ní fọwọ́ kan ajílẹ̀ inú àpò lọ́dún yìí!"

Renge kì í kánjú o. Nígbà tí ewé ìrẹsì kọ́kọ́ ń pọ́n, ọkàn ọkọ mi ò balẹ̀ mọ́, ló bá yọ́ lọ da ajílẹ̀ sí i. Mo bá a wí, ó ní kí n panu mọ́. Ìrẹsì jẹ àjẹjù, ó ga fíofío, ó wó. Láti ìgbà náà, renge ló ń di ẹ̀bi rù.

"Tamotsu!" Bàbá Yasuke, ọ̀kan nínú àwọn tó wá bá wa kórè, ló pariwo. "Ṣé ọtí sake lo fi bomi rin ìrẹsì ẹ ni?"

Ẹ̀rín bú. Ọkọ mi ní, "Ẹ bi renge."

Chizuru ju dòjé sílẹ̀, ó tẹrí ba títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Irúgbìn mi ló ba oko yín jẹ́."

"Kò burú. Ó ti kọjá," ọkọ mi dá a lóhùn.

Kò burú kẹ̀! Ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọ̀ ọ́.

"Bàbá Wataru," mo fi orúkọ ọmọ wa pe ọkọ mi, "ṣé ẹ ó sọ ọ́ ni, àbí kí n bá yín sọ ọ́?"

Ó wolẹ̀. Ọrùn ẹ̀ pọ́n. "Chizuru, gbórí sókè. Kì í ṣe renge. Èmi ni mo yọ́ da ajílẹ̀ lé e."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ì bá ti tètè sọ," Chizuru dáhùn jẹ́jẹ́. "Láàárọ̀ yìí ni mo da ìyókù irúgbìn ìyá mi sódò, kó má baà ba ti ẹlòmíì jẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú dòjé ẹ̀, ó ń bá wa gé ìrẹsì wa lọ.