Ẹsẹ̀ Tí Mo Dì Sínú Ọ̀rá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín: kò sí ẹsẹ̀ tó le bíi tèmi láti Paraku títí dé Mẹ́kà. Mo tẹ paramọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ rí, paramọ́lẹ̀ ló lọ gba abẹ́rẹ́. Ọkọ̀ àjàgbé gun àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi nínú gáréèjì, gbogbo táyà ẹ̀ ló bẹ́, dẹ́rẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó ní kí n má bínú. Bí mo bá ń rìn lórí ọ̀dà gbígbóná lọ́sàn-án, ọ̀dà ló máa ń ké "yéè"!

Ẹsẹ̀ yìí kan náà ni mo fi parọ́ fún àna mi.

Alájì, bàbá Ràyhánátù tí mo fẹ́ fi ṣe aya, ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àna kì í bẹni lọ́wẹ̀ kéèyàn ní òun ò ráyè. Ebè iṣu ni. Oko náà wà lẹ́yìn Banikanni, ó fẹ̀ débi pé bí oòrùn bá yọ níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, yóò jókòó sinmi kó tó dé òpin. Alájì sì ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ará ilé: "Ọkùnrin tí kò lè kọ ebè, kò lè bọ́ ọmọ mi." Èmi rèé, iṣẹ́ zémìjàn ni mò ń ṣe, alùpùpù ni mo fi ń gbé èrò káàkiri. Ìdí mi ló mọ iṣẹ́, ẹ̀yìn mi ò mọ̀ ọ́n.

Ni mo bá fi aṣọ di ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo da oògùn pupa lé e, mo fi ọ̀rá dúdú wé e kí eruku má baà wọ̀ ọ́, mo wá ń fi igi tilẹ̀ lọ sílé wọn ní Zongo. Mo ní ìṣó gún mi.

"Ìṣó?" Ràyhánátù bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí ìwọ lo ní táyà àjàgbé bẹ́ lórí ẹsẹ̀ ẹ?"

"Ìṣó ojú irin rélùwéè ni," mo ní. "Ó gùn tó apá Alájì. Ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, ó gba òkè yọ, ó kí mi."

Mo rò pé wọ́n á ní kí n lọ sùn sílé mi ní Ladjifarani. Ìyá Ràyhánátù káwọ́ lérí. "Ìwọ nìkan nínú yàrá? Ta ni yóò pọn omi fún ọ? Ibí lo máa wà títí tí yóò fi jinná."

Bí ilẹ̀kùn ṣe tì mọ́ mi nìyẹn. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi sí ọ̀ọ̀dẹ̀, níbi tí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde ti gbọ́dọ̀ rí mi. Bí mo bá fẹ́ lọ tọ̀, wọ́n á gbé mi. Bí mo bá ní ó ti ń sàn díẹ̀, Alájì á gbé ọkọ́ lé èjìká, á ní, "Alhamdulilahi. Ebè ń dúró dè ọ́." Ni n ó bá tún kérora. Bí mo bá sì kérora jù, á ní kí wọ́n lọ pe dókítọ̀ wá. Mi ò gbọdọ̀ sàn, mi ò sì gbọdọ̀ le sí i. Mo há bí ẹran tó há sí eyín.

Ràyhánátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ kan. "Òótọ́ ni ìṣó yìí?"

"Òótọ́ ni."

"Torí bó bá jẹ́ irọ́, Bàbá ò ní fi mí fún ọ, èmi náà ò sì ní bá a jà."

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ẹ mọ ooru Paraku kí òjò tó dé. Nínú ọ̀rá yẹn, òógùn ń hó bí omi ẹ̀kọ. Àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi ń yún mi débi pé eyín mi ń gbọ̀n. Mo fi í gbo ògiri, ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Òórùn ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn ewúrẹ́ ilé náà kó lọ sílé kejì, wọn ò padà mọ́.

"Egbò yẹn ti ń kẹ̀ o," Ìyá ní. "Jẹ́ kí n tú u."

"Ẹ má tú u, Ìyá! Nọ́ọ̀sì tó dì í ní bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, á di gìrì."

"Nọ́ọ̀sì wo?"

"Ó ti kó lọ sí Kútọnu."

Húsnà, àbíkẹ́yìn wọn, ló wá dá kún ìyà mi. Bàtà tẹníìsì tó ń wọ̀ lọ sílé ìwé ti há mọ́ ọn, inú ẹ̀ sì máa ń tutù, àárín ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ti bó funfun. Ní ìrọ̀lẹ́, iwájú mi gan-an ni ìyá ẹ̀ máa ń gbé abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí. Á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á fi aṣọ gbígbẹ nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan. Á gé èékánná ẹ̀ tààrà, kò ní gé igun ẹ̀ wọnú, kó má baà hù wọ ẹran. Bàtà tuntun tí wọ́n rà, ó ki àtàǹpàkò bọ iwájú ẹ̀: "Bí àyè ìka ò bá ṣẹ́ kù níbí, ó ti kéré fún un." Á wá fi òrí pa gìgísẹ̀ tirẹ̀ tó ti sán, á kọjú sí mi.

"Ẹsẹ̀ tí kò gbẹ, tí kò rí atẹ́gùn, á jẹrà ni. Àbí mo parọ́, ọkọ wa?"

"Òótọ́ ni, Ìyá." Nínú ọ̀rá, ẹsẹ̀ mi ń sunkún.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Alájì kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dé láti mọ́sáláṣí, wọ́n jókòó sí àgbàlá. Ìyá wọlé lọ mú aṣọ ìnura. Húsnà sá lọ ṣeré. Ó wá ku èmi àti abọ́ omi. Omi ń wò mí, mo ń wò ó. Mo ní kí n kàn ki ìka kan bọ̀ ọ́. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi fa ọ̀rá ya, tó tú aṣọ, tí ẹsẹ̀ wọ omi pọ̀ọ́!

"Háààà!"

Adùn ló mú mi ké. Gbogbo Zongo rò pé ẹnì kan bímọ. Mo di ojú, mò ń fi ìka ẹsẹ̀ gbo ara wọn. Ìgbà tí mo lajú, Alájì àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti yí mi ká, Ràyhánátù dúró lẹ́yìn wọn.

Ìyá gbé ẹsẹ̀ náà jáde nínú omi. Ó funfun, ó hunjọ bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo òkè.

"Ihò ìṣó dà?" Alájì bi mí.

"Ó... ó ti dí, Bàbá. Ẹran ara mi máa ń yára."

"Ohun tó ń ṣe Húsnà ló ń ṣe ẹsẹ̀ yìí," Ìyá ní. "Ọ̀rá ló jẹ ẹ́. Kò sí ìṣó kankan."

Ràyhánátù ò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Alájì na ọwọ́ sí ọkọ́ tó fara ti ògiri. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ fi lù mí ni, àbí ó fẹ́ gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú mi. Mo ti fo ògiri kí ọwọ́ ẹ̀ tó kàn án. Mo já Zongo kọjá, aṣọ tí mo fi di ẹsẹ̀, tí etí ẹ̀ ṣì so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi, ń wọ́ lẹ́yìn mi bí ìrù, àwọn onízémìjàn ẹgbẹ́ mi ń pariwo, "Mùjàhídì, ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ọ́?" Èmi ò ráyè dáhùn.