Ilà Dábùú Ìdákọ̀ró

Ọjọ́ kẹsàn-án tí Wiebke dé Plymouth ni wọ́n tó pè é sí ilé ẹjọ́. Ogójì ìdì aṣọ ọ̀gbọ̀ ló wá gbà. Òun àti àwọn obìnrin ilé mẹ́ta lẹ́yìn odi Emden ni wọ́n fi gbogbo ìgbà òtútù ran òwú rẹ̀, tí wọ́n sì hun ún títí ìka wọn fi bó. Ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí Sípéènì kò tíì rìn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Pascoe, ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, fi dá a dúró lójú òkun, tó sì wọ́ ọ wá sí èbúté. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ló fún Pascoe níwèé àṣẹ pé kó máa kó ẹrù àwọn ará Hólàńdì tí òun ń bá jagun. Emden, ìlú èbúté Jámánì létí Hólàńdì, kò bá ẹnikẹ́ni jagun, ṣùgbọ́n ṣé Pascoe fẹ́ gbọ́ ìyẹn ni?

Àmì ara ìdì aṣọ ló rí dì mú. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kọ ọ́: ìdákọ̀ró nínú òbíríkítí, àmì Harmen, ọkọ Wiebke. Lọ́dọ̀ wa ní Emden, bí oníṣòwò bá kú, opó rẹ̀ á máa lo àmì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n á fa ilà kan dábùú rẹ̀, kí gbogbo èbúté lè mọ̀ pé obìnrin ló ni ọjà báyìí. Wiebke kò fa ilà kankan. Harmen wọkọ̀ lọ ra igi ní Nọ́wè, ọdún kẹta rèé, òun ò dé, òkú rẹ̀ ò dé.

"Má fa ilà yẹn o," ni Tetta, ìyá Harmen, sọ lọ́jọ́ tí àwọn ará èbúté kọ́kọ́ pe Wiebke ní opó. "Ọjọ́ tí o bá fà á, ìwọ lo pa ọmọ mi."

Abọ́ mẹ́ta ni ìyá àgbà náà ṣì ń gbé sórí tábìlì nírọ̀lẹ́: tirẹ̀, ti Wiebke, ti Harmen. Ká sọ òótọ́, Wiebke fúnra rẹ̀ kò fẹ́ fa ilà ọ̀hún. Àwọn èèyàn ń bú ìyá àgbà yìí lásán ni, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe é.

Bàbá Folkert, atukọ̀ Emden kan tó ti pẹ́ ní Plymouth, ni ògbufọ̀ Wiebke nílé ẹjọ́.

"Ìyàwó Harmen, ohun tí wọ́n bá bi ọ́ ni kó o dáhùn," ó kì í nílọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Má rojọ́ ìyá ọkọ fún wọn. Àwọn èèyàn yìí ò tíì jẹun."

Adájọ́ fọn ikun imú rẹ̀, ó wo àwòrán àmì náà nínú ìwé. "Àmì ta nìyí?"

"Àmì ọkọ mi."

"Ọkọ ọ̀hún dà?"

Pascoe bú sẹ́rìn-ín. "Èmi mọ ibi tó wà. Amsterdam ló jókòó sí, ó ń mu bíà. Ó ti di ará Hólàńdì, ó wá rán ìyàwó rẹ̀ pé kó wá fi omijé gba ẹrù."

Nígbà tí Folkert túmọ̀ rẹ̀, ó yẹ kínú bí Wiebke. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ sọ nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi bi í. Ṣé ó rí i ni? Ṣé ó ṣì ń tiro?"

"Mi ò ní bi í," ni Folkert dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Irọ́ ló ń pa. Ìwọ náà mọ̀."

Adájọ́ ti gbé kálàmù sílẹ̀. "Gbọ́ mi, ìyá. Bí ọkọ rẹ bá wà láàyè, òun ló ni ẹrù, òun ni kó wá búra níbí. Bí kò bá wá, ẹrù ọ̀tá ni, Pascoe á máa kó o lọ. Àmọ́ bó bá ti kú, ìwọ lo ni ín, ará Emden sì ni ọ́. Èwo nínú ẹ̀?"

Wiebke rántí Imke, ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó hun aṣọ náà, tó fi oyún oṣù mẹ́jọ jókòó ti òfì nítorí ìdì méje péré. Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì.

"Ó ti kú."

Folkert ń wò ó.

"Ẹ túmọ̀ ẹ̀, Bàbá."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ẹrù kankan ò ní kúrò ní èbúté láìjẹ́ pé wọ́n tún àmì rẹ̀ ṣe ní ìlànà ìlú wọn.

Ní ẹ̀bá omi, Folkert fẹ́ gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbé e wá, jẹ́ n bá ọ fà á."

"Opó ló ń fà á," ni Wiebke wí.

Ilà àkọ́kọ́ wọ́. Nígbà tó dé ìkẹwàá, ó ń sunkún gbangba, àwọn ọmọ ọkọ̀ Pascoe sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó wá dẹ́rù bà á ni pé láti orí ọgbọ̀n lọ, àwọn ilà náà ń gún dáadáa, òun náà sì ti ń ronú bóyá òjò máa rọ̀ kí wọ́n tó kó ẹrù wọkọ̀.

Tetta ti wà ní èbúté Emden lọ́jọ́ tí Wiebke kó ẹrù náà padà dé, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Wiebke ti tò sẹ́nu lójú omi ló gbàgbé. Ìyá àgbà náà fi ìka tọ ilà ara ìdì àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wo ìka rẹ̀. Ọ̀dà ti gbẹ.

"Ọjọ́ wo ló kú?"

"Ọjọ́ Ẹtì, Màmá. Ní Plymouth."

Tetta mi orí, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé atẹ́gùn ń fẹ́. Ó dá iná, ó se ọbẹ̀ ẹ̀wà bó ṣe máa ń sè é. Abọ́ méjì ló gbé sórí tábìlì, tirẹ̀ àti ti Harmen.